Ìfé Tí Bàbá Fi Ń Pe Morẹ́nikẹ́

Bàbá mi àgbà kì í pe èèyàn lórúkọ nínú oko. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pariwo orúkọ ọmọ ẹ̀ nínú igbó, kò mọ ẹni tó ń bá a gbọ́ ọ. Tó bá di ọjọ́ mìíì, tí ohùn kan bá pè ẹ́ láti ẹ̀yìn igi, tó o lọ jẹ́ ẹ, ó parí nìyẹn. Ìfé ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa, kálukú ló sì ní tiẹ̀. Ṣebí orúkọ èèyàn ní ibi tó ti ń gòkè, ó ní ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá á kàn yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ẹ̀, wọ́n á fi orin ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi ètè gbé e jáde. Tèmi, Ṣìkẹ́mi, nílẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á fò lọ sókè, á wá dúró sí àárín, bí ewúrẹ́ tó gun ògiri tó wá rántí pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀.

Ti Màmá àgbà ló dùn jù. Morẹ́nikẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Bàbá á rọra bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, á gòkè, á sọ̀, á tún gòkè, wọ́n á wá di ìgbẹ̀yìn ẹ̀ mú títí èémí á fi tán nínú wọn.

Ẹ̀yìn abúlé wa, Ìrókò, ni oko wa wà, ẹ máa kọjá odò kékeré kan. Àárín iṣu ni Bàbá máa ń wà, Màmá á wà lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀gẹ́, wọn ò ní rí ara wọn láti àárọ̀. Tí oòrùn bá ti rọ̀, Bàbá á na ẹ̀yìn, wọ́n á fara ti ọkọ́, wọ́n á súfèé Morẹ́nikẹ́. Màmá ò ní súfèé padà o. "Hóò" ni wọ́n máa ń ké, ohùn wọn á tín-ín-rín bíi ti adìyẹ tó fẹ́ yé. Wọ́n á di igi ìdáná wọn, ó di ilé.

Èmi náà máa ń súfèé, torí kò sẹ́ni tí mi ò lè sín jẹ. Òun náà ló sìn mí jáde kúrò níléèwé, tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́: tísà ìṣirò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ láti ẹ̀yìn kíláàsì, inú ẹ̀ ò dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá gbọ́ ìfé lẹ́nu mi, wọ́n á fi ìka tó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ ta mí létè.

"Ṣìkẹ́mi, obìnrin kì í súfèé. Ẹnu tó bá ń súfèé, adùn ọbẹ̀ á máa sá fún un."

Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí ìyẹn. Mo rò pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Ọdún kẹrin rèé tí Màmá ti lọ, Bàbá ò sì yé pè wọ́n. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti rọ̀, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á súfèé Morẹ́nikẹ́. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo máa ń tẹ ẹ̀pà tí mò ń gbìn mọ́lẹ̀ kí n má baà gbójú sókè. Ìgbà tó yá ni Bàbá Mikail, tí oko tiwọn wà ní òdìkejì odò, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Ọkùnrin gìrìwò ni wọ́n, ohùn wọn dà bí ìgbà tí wọ́n ń ti lọ́rì. "Hóò." Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìyàwó oníyàwó.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé kí ìfé yẹn máa rìn kiri inú igbó láìrí ẹni jẹ́ ẹ ni? Wàláì, kò dáa. Èmi pàápàá, òun ni mo fi ń mọ̀ pé àsìkò ìrun ti tó."

Àgbọ̀n Bàbá ló wá fẹ́ gba ìfé yẹn lọ́wọ́ wọn.

Màmá ṣì wà láyé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Eyín kan nísàlẹ̀, lápá òsì, ló ń mì. A kó iṣu lọ sí Ṣáṣá lọ́jọ́ kan, Màmá ní a ò ní kúrò lọ́jà láìwá nǹkan ṣe sí i. Ọkùnrin kan dúró lẹ́bàá títì, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́rùn, ó to ìgò síwájú. Ẹ gbọ́ ọ: "Eyín ń ro ẹ́, o ò lè sùn, ìyàwó ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ò ń fọwọ́ gbá a dànù. Kòkòrò ni. Kòkòrò ń jẹun níbẹ̀, ebi ń pa ìwọ onílé." Ó da nǹkan pupa sí eyín Bàbá, ó fi ẹ̀mú fa eyín náà yọ, ó wá na òwú kan sí wa.

"Bàbá, ẹ wo ọ̀tá yín."

Kòkòrò funfun kékeré ń yí lórí òwú. Mo mọ kòkòrò yẹn dáadáa. Inú àgbàdo ló ń gbé. Mo sọ ọ́ sétí Màmá, wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé.

Eyín lọ, ibi tó wú ò bá a lọ. Ó kọ́kọ́ tó kóró àgbálùmọ̀. Ó tó ẹyin etù. Nígbà tí Màmá fi máa kú, ó ti tó ọsàn. Kì í ro wọ́n, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi jókòó tì í. Ìjọ CAC ni wá, ẹ ṣá mọ̀, wòlíì gbàdúrà sí i, wọ́n fi omi ìyè pa á lára, Bàbá gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Kókó yẹn ò bá wọn gbà á. Ṣe ló ń sanra. Bàbá wá mú ọ̀kan nínú ìborùn Màmá, aláwọ̀ ewé, wọ́n ń fi di àgbọ̀n lọ sókè orí, àlejò á rò pé òtútù ń mú wọn. Ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Ìfé náà á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, bí ẹni tó ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé kúrò nílé, ṣùgbọ́n ó ń jáde.

Mọ́mì Alakia ló wá fòpin sí ìborùn. Àkọ́bí Bàbá ni wọ́n, Dọ̀tun tí wọ́n fi ń pe Bàbá ní Bàbá Dọ̀tun. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, Alakia ni ilé wọn, nítòsí ibi tí bàálù ti ń balẹ̀. Mo rò pé bàálù ló kọ́ wọn láti máa sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n wá kí wa nínú oṣù kẹta, ooru ń bó èèyàn láwọ̀.

"Bàbá, ẹ tú ìborùn yẹn."

"Òtútù ń mú mi."

"Nínú ooru yìí? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

Bàbá tú u. Mọ́mì Alakia tí mo mọ̀, tí àdúgbò máa ń gbọ́ àdúrà oúnjẹ wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ń ká aṣọ Bàbá sínú báàgì.

Ọsíbítù ńlá kan nígboro ni wọ́n gbé wa lọ. Mo rò pé dókítà eyín lásán la ń lọ bá, ẹni tó máa ń ní kó o má jẹ súìtì. Apá ibi tí a dé yìí, àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ nínú ẹnu, lágbọ̀n àti lójú ni. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Eyín tó máa ń hù kẹ́yìn ló lọ sùn gbalaja sínú egungun ẹ̀, kò yọrí, wọ́n fẹ́ la ẹran, kí wọ́n gé eyín náà sí méjì kí wọ́n tó lè kó o jáde. Ìyá kan láti Ẹ̀gbẹ́dá gbé ọmọ kékeré dání. Ètè ọmọ náà là látinú oyún, wọ́n ti rán an pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Mo tẹjú mọ́ ojú ìránṣọ náà, torí iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ ní Mọ́níyà. Kò sí èyí tó wọ́ níbẹ̀. Ó gún ju ti ọ̀gá mi lọ, ẹ má sọ fún wọn.

Dókítà tó rí Bàbá, Dókítà Alimat Fádèyí, obìnrin kúkúrú ni, hìjáàbù wọn ò kọjá èjìká. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, àfi tí wọ́n bá fẹ́ sọ èyí tó le, wọ́n á wá rọra. Wọ́n tẹ àgbọ̀n Bàbá lóde, wọ́n ki ọwọ́ sínú ẹnu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú. Wọ́n ní ká lọ ya fọ́tò egungun. Ìgbà tí a dé, wọ́n gún Bàbá ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹran kú, wọ́n gé bíńtín lára kókó náà pé àwọn fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé àgbọ̀n kan tí wọ́n fi ike ṣe sórí tábìlì. Dókítà ọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, Ammar, dúró lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ níbẹ̀ ná. Ibi tí eyín ti ń hù ni kókó yìí ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n inú egungun ló kọ́lé sí, egungun yẹn náà ló ń jẹ. Tí a bá kàn ha á jáde, á padà wá. Tí a bá sì fi í sílẹ̀, á lọ bá ahọ́n, á lọ bá ọ̀nà ọ̀fun." Wọ́n fi bírò fa ìlà lára àgbọ̀n oníke. "Láti ibí dé ibí la máa gé kúrò. A máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dípò ẹ̀, a máa fi ìṣó kéékèèké yí i mọ́ egungun tó kù. Ẹ máa sùn, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n."

Bàbá wo àgbọ̀n náà bí ìgbà tí wọ́n ń yan iṣu lọ́jà. "Ṣé màá jẹyán?"

"Ẹ máa kọ́kọ́ mu nǹkan olómi. Lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan rírọ̀. Iyán ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn."

"Ṣé màá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ máa sọ̀rọ̀. Ó kàn lè má já geere bíi ti tẹ́lẹ̀ ni."

"Ṣé màá súfèé?"

Dókítà Ammar rẹ́rìn-ín. Dókítà Fádèyí yíjú wò ó, ó gbé ẹ̀rín ẹ̀ mì. Wọ́n wá fa àga wọn sún mọ́ Bàbá, ohùn wọn ti rọlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó le ló ń bọ̀.

"Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣan kan ń gba inú egungun yìí kọjá. Òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ̀ pé nǹkan gbóná àbí ó tutù. Àárín kókó yẹn gan-an ló gbà, a ò lè yọ ọ̀kan ká fi ìkejì sílẹ̀. Ètè yín á kú lápá òsì. Ẹ máa lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ibi tó wà. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè ìfé rí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó máa lọ."

"Ẹ ṣeun, ìyá wa," ni Bàbá wí. Wọ́n mú ìborùn Màmá, wọ́n dì í mọ́ àgbọ̀n padà. "Dọ̀tun, jẹ́ ká máa lọlé."

Nínú mótò, Mọ́mì Alakia di ọwọ́ mọ́ sítíà. "Bàbá. Nítorí ìfé."

"Tí mi ò bá pè é, báwo ni ìyá ẹ ṣe máa mọ̀ pé ilé ti yá?"

Mọ́mì Alakia wakọ̀ títí a fi kọjá Mọ́níyà. Ojú fèrèsé ni mo kọ sí. Gbogbo ẹni tó wà nínú mótò yẹn, mo lè sín wọn jẹ, mi ò rí ẹni tó ṣeé sín jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ó tó oṣù méjì tí Bàbá fi kọ̀. Bàbá Mikail gan-an wá bá wọn lóko.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Èmi á máa ké 'Hóò' bí mi ò bá tiẹ̀ gbọ́ ìfé."

"Ta lo máa dá lóhùn nígbà náà?"

"Ẹ̀yin."

"Nígbà tí mi ò pè ẹ́?"

Bàbá Mikail họ orí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n gé e."

Kì í ṣe ẹnu èèyàn kankan ló yí Bàbá lọ́kàn padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n súfèé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ kọ̀, kò gòkè mọ́. Kókó yẹn ti ti ètè wọn débi pé kò lè kó jọ. Wọ́n tún un ṣe. Ohun tó jáde kì í ṣe Morẹ́nikẹ́. Kì í ṣe orúkọ ẹnì kankan. Bàbá Mikail náà ò dáhùn, bóyá wọn ò mọ̀ pé ìpè ni. Bàbá jókòó sórí ebè.

"Ohun tí mò ń ṣọ́ yìí," ni wọ́n wí, "kókó yìí ti ń jí i lọ lójú mi. Pe Dọ̀tun lórí fóònù."

Ẹ má rò pé ó ti tán. Wọ́n dá Bàbá dúró sí wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ pé láti alẹ́, nǹkan kan ò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn, oúnjẹ tàbí omi. Bàbá ní ṣé ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń bá òun ṣeré. Nígbà tó di àárọ̀, nọ́ọ̀sì wá fi aṣọ tíátà wọ̀ wọ́n. Orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn ni Sharon, ó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa rọ́bà.

"Bàbáaa, ẹ ò jẹ nǹkan kan?"

"Mi ò jẹ."

"Ẹ ò mu omi?"

"Mi ò mu omi."

Ó gbé ìrọ̀rí kí ó lè tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, ìgò wòlíì jáde lábẹ́ ẹ̀. Ìgò náà ti dé ìdajì.

"Èyí ńkọ́?"

"Omi ìyè ni."

"Bàbáaa, ṣé ẹ mu nínú ẹ̀?"

"Mo mu ún láàárọ̀ yìí, mo fi gbàdúrà. O bi mí bóyá mo mu omi, mo ní rárá. Nínú ààwẹ̀ tiwa, omi ìyè kì í ṣe omi."

Mọ́mì Alakia fọwọ́ bojú. Sharon sáré jáde, Dókítà Fádèyí dé pẹ̀lú bàtà tíátà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti múra fún Bàbá láti aago méje. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n gbé ìgò náà, wọ́n wò ó.

"Bàbá, tí èmi bá gbààwẹ̀, omi Mẹ́kà pàápàá, tí mo bá mu ún, ààwẹ̀ mi já."

"Tiyín nìyẹn. Omi ìyè ò lè pa mí."

"Omi ìyè ò lè pa yín, sà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti sùn, ó lè ti inú yín gòkè, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró yín ò ní mọ̀ pé omi ìyè ni."

Bàbá ronú sí i. Mo rí i pé ó wọ̀ wọ́n létí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú, torí àwọn mìíì ti wà lórí ìlà. Mọ́mì Alakia ní kí Bàbá máa bọ̀ nílé, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá fojú kan Ìrókò, àwọn ò ní padà wá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ Sódìq, ọlọ́kadà kan láti Lálúpọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó gbé ọ̀kadà wọ kòtò, àgbọ̀n ẹ̀ dá sí méjì. Wọ́n ti fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún un kí egungun má baà mì, ògì ló ń fi ike fà mu. Ó ń bá ìyàwó ẹ̀ jà lójoojúmọ́ láìya ẹnu. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè di eyín kó sì bú èèyàn débẹ̀ yẹn, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Bàbá sọ ìtàn Màmá fún un tán pátá, torí pé Sódìq ò lè já lu ọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà, Bàbá dìde lọ sójú fèrèsé. Ògiri àti páànù ni wọ́n rí níbẹ̀, kò sí iṣu, kò sí ẹ̀gẹ́. Wọ́n súfèé. Ó bàjẹ́, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú. Sódìq gbé orí sókè. Ó fẹ́ ké "Hóò", wáyà ò jẹ́, "Hììì" ló jáde.

Bàbá yíjú sí i. "O ṣeun," ni wọ́n wí. Wọ́n padà lọ sùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Oòrùn ti ń yí kí wọ́n tó gbé wọn jáde. Mọ́mì Alakia ò jókòó ní gbogbo ìgbà yẹn, wọn ò sì pariwo. Ojú Bàbá wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú wọn wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà da ògì àti mílíìkì sí wọn nínú. Ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìka ni Bàbá fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Tí ìka bá ti tọ́ka sí mi tó wá tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, mo ti mọ̀ pé Sharon ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n sín in jẹ. Mo máa ń ṣe é, "Bàbáaa", èjìká wọn á máa mì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀, Dókítà Fádèyí gbé fọ́tò egungun tuntun sójú iná. Irin náà tẹ̀ lé àgbọ̀n yípo, ihò wẹ́wẹ́ lára ẹ̀, bíi ṣéènì ọ̀kadà. Wọ́n fi ìdí bírò kan ètè Bàbá lápá ọ̀tún, Bàbá mi orí pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn án lápá òsì. Bàbá ń dúró kí wọ́n kàn án.

"Mo ti kàn án, sà."

Bàbá fi ọwọ́ ara wọn pa á wò. Ọ̀rọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde lẹ́nu wọn. "Ó dà bí ètè ẹlòmíì."

"Ẹ máa fún un láàyè, á di tiyín," ni Dókítà wí. Wọn ò dárúkọ ìfé, Bàbá náà ò bi wọ́n.

Nílé, Bàbá ká ìborùn Màmá sínú àpótí. Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ bò mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá ń wò wọ́n, wọ́n ní àgbọ̀n wọn ti padà di ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Wòlíì ní omi ìyè ló ṣe é, Bàbá wò mí kí n má baà ya ẹnu. Wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kọjá sí ẹ̀yìn ilé, èmi á máa gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Fúú. Fúú. Atẹ́gùn lásán. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní kí n gbé rédíò sókè.

Òjò ti dá kí ẹsẹ̀ wọn tó tún kan oko. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Ewéko ti gba ojú ọ̀nà, afárá igi tí Màmá máa ń kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ dán wò ṣì wà lórí odò. Bàbá ní wọn ò ní ṣe púpọ̀, wọ́n kàn fẹ́ fojú kan iṣu. Wọ́n tún ebè bíi mẹ́ta ṣe, wọ́n sinmi, wọ́n tún ọ̀kan ṣe. Lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀.

Oòrùn rọ̀. Bàbá na ẹ̀yìn, wọ́n fara ti ọkọ́. Wọ́n fi ìka méjì ti ètè òsì mú kó lè dúró sójú kan. Fúú. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi ti ọ̀tún nìkan. Fúú. Ẹyẹ kan tiẹ̀ dún lórí igi, ó ṣe é dáadáa jù wọ́n lọ, mo fẹ́ sọ ọ́ lókùúta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn ò gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ebè, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ẹ̀gẹ́.

Mi ò bèèrè lọ́wọ́ wọn. Mo fi ahọ́n tu ètè mi lára, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, mo gòkè, mo sọ̀, mo tún gòkè, mo di ìgbẹ̀yìn ẹ̀ mú. Mo sín in bó ṣe wà nígbà tí àgbọ̀n wọn ṣì jẹ́ àgbọ̀n, ìyẹn nígbà tí mo ṣì kéré tí mò ń sùn lórí àpò lábẹ́ igi òro, tí ìfé yẹn máa ń jí mi. Ó kọjá lórí iṣu, ó wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ.

"Hóò."

Òdìkejì odò ni. Bí ìgbà tí wọ́n ń ti lọ́rì.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ kú àbọ̀ o. Alámùdù, ìfé yín ti padà."

Mo ya ẹnu kí n ké sí wọn pé èmi ni. Bàbá gbá mi lápá mú.

"Má dá a lóhùn. Jẹ́ kó lọ kírun."

A jókòó báyẹn títí a fi gbọ́ tí Bàbá Mikail ń fi ọkọ́ lu òkúta, wọ́n ń gbọn yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dànù. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà lápá mi.

"Ìgbẹ̀yìn ẹ̀ kúrú," ni wọ́n wí. "O jù ú sílẹ̀ kíá bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Máa fi inú gbé e, má fi ọ̀fun gbé e."

"Bàbá, Màmá ní obìnrin kì í súfèé."

Ẹ̀rín gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn jáde, ẹ̀gbẹ́ òsì ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

"Màmá rò pé èmi ni. Tún un ṣe, kò tíì di igi ìdáná ẹ̀ tán."